Ọwọ́ Tí Ó Ń Gba Owó Kò Yẹ Kí Ó Jẹ́ Ọwọ́ Tí Ó Ń Kọ Ọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ Gánà, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Tógò, ọmọ Benin àti ọmọ Sàró, tí ẹ péjọ sí ìlú Kumasi yìí láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò lójú yín. Ẹ lè bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ báǹkì, sítọ̀ àti ìwé owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ ní ìlú kékeré tí a bá rán an lọ. Kì í pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fi máa ń fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, tí ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí a fi í ṣe akápò, tí àwọn ìyá ọjà a sì máa gbé káàdì àjọ wọn wá pé kí ó bá wọn ṣírò rẹ̀. Bí ó bá wá di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ, owó ìwé àti owó àtúnṣe ilé yóò bọ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ó ti di alábòójútó òwò láìmọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo dání nígbà tí ẹ bá ń kúrò níhìn-ín. Nínú òwò gbogbo, ìbáà jẹ́ ńlá tàbí kékeré, ẹni tí ó ń gba owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń kọ ìwé owó. Ẹni tí ó ń kọ ìwé náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sì fẹ́ fi hàn yín pé pípín iṣẹ́ báyìí kì í ṣe ìwà àìfọkàntánni. Ààbò ni ó jẹ́, olóòótọ́ ni ó sì ń dáàbò bò ju gbogbo ènìyàn lọ.

Bí a bá tú iṣẹ́ òwò palẹ̀, a ó rí i pé ojúṣe mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní láti pàṣẹ pé kí a ṣe ohun kan. Ẹnì kan ní láti tọ́jú owó tàbí ẹrù. Ẹnì kan ní láti kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan ní láti wá lẹ́yìn gbogbo wọn, kí ó wò ó bóyá ohun tí a kọ bá ohun tí ó wà nílẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí a fi ríra ìrẹsì fún ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gá fọwọ́ sí i pé kí a ra àpò 20. Ẹni tí ó lọ sí ọjà gba rìsíìtì bọ̀. Olùtọ́jú sítọ̀, tí kò bá wọn lọ sí ọjà, ni yóò ka àpò náà bí ó ti ń wọlé, tí yóò sì kọ iye tí ojú rẹ̀ rí. Kí akápò tó san owó, akọ̀wé yóò fi àṣẹ ọ̀gá, rìsíìtì ọjà àti ìwé sítọ̀ wé ara wọn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe déédéé, owó lọ. Bí rìsíìtì bá ní 20, tí ìwé sítọ̀ sì ní 18, ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ìwé ni ó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń rà, tí ó ń kà, tí ó ń kọ, tí ó sì ń sanwó, àpò 2 lè sọnù lójú ọ̀nà láìsí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá olè ni ó gbé e, tàbí àṣìṣe ẹni tí ó tà á ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n àjèjì ni èyí. Ìlú tí a wà yìí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní ayé ìgbà tí wúrà lẹ́búlẹ́bú jẹ́ owó àwọn Àṣántì, oníṣòwò a máa ní òsùwọ̀n tirẹ̀ àti àwọn ọmọ òsùwọ̀n onídẹ tí wọ́n ń pè ní abrammoɔ. Ẹni tí ó fẹ́ san owó a wọn wúrà rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbà á a sì tún fi òsùwọ̀n tirẹ̀ wọ̀n ọ́n lójú ẹni tí ó san án. A kò gbọ́ pé èyí jẹ́ èébú láàárín wọn. Ní ààfin ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Bowdich, ìránṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Kumasi ní ọdún 1817, Opoku Frefre, tí í ṣe Gyaasewahene, ni ó bá lórí ọ̀rọ̀ ìṣúra ọba. Sannaahene àti àwọn tí ń wọn wúrà wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ yìí, olúkúlùkù pẹ̀lú ojúṣe tirẹ̀. Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì mọ irú ọgbọ́n yìí nínú ìṣèlú wọn. Bí Aláàfin ti tóbi tó, Ọ̀yọ́ Mèsì méje ń bẹ níwájú rẹ̀ tí kò lè fojú fò.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí i lónìí, ẹ lọ sí àwọn abúlé kòkó tí ó yí wa ká. Láti ọdún 1947 tí a ti dá ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó títa kòkó Gánà sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní COCOBOD nísinsìnyí, a ti ń kọ́ bí a ti ń pín iṣẹ́ náà. Kíláàkì ilé iṣẹ́ tí ó gba ìwé àṣẹ ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò sọ pé kòkó náà dára. Àwọn òṣìṣẹ́ Quality Control Company ni wọ́n ń gé hóró rẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń fi èdìdì di àpò. Títà rẹ̀ sí òkè òkun ẹ̀wẹ̀ wà lọ́wọ́ Cocoa Marketing Company. Ẹ wo bí ó ti rí: ẹni tí èrè rẹ̀ wà nínú kí àpò pọ̀ kọ́ ni a fi ṣe onídàájọ́ lórí ìwà àpò. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kò pín iṣẹ́ náà dáadáa, ibẹ̀ sì ni ìdí òsùwọ̀n ní abúlé. Kíláàkì kan náà ni ó ń wọn kòkó, òun ni ó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀, òun náà ni ó ń sanwó. Ìdí òsùwọ̀n yìí gan-an ni ẹkún àwọn àgbẹ̀ ti ń wá láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n ń sọ pé a yí òsùwọ̀n jẹ wọ́n. N kò sọ pé gbogbo kíláàkì ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kíláàkì tí ó jẹ́ olóòótọ́ pàápàá kò rí ẹni tí yóò jẹ́rìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí ni ó mú mi rántí ọkùnrin kan tí mo mọ̀, tí ó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan fún ọdún 11. Òun ni ó ń gba owó, òun ni ó ń kọ ọ́, òun náà ni ó ń gbé e lọ sí báǹkì. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ìwé rẹ̀ wò rí, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa wí pé, “Bàbá kò lè jalè.” Ọdún kan dé tí owó kò pé, wọ́n sì ní kí èmi tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò wá bá wọn wo ìwé náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò nídìí rẹ̀. N kò rí àmì olè níbẹ̀, n kò sì rí ẹ̀rí òdodo, nítorí pé ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo kọ, tí ẹlòmíràn kò fọwọ́ kàn, kò lè gba ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá náà sọkún níwájú àwọn tí ó tó ọmọ rẹ̀ bí. Ó fi owó tí ó ti tọ́jú láti kọ́ ilé dí i, ó sì kó kúrò ní ìlú náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rò pé ọ̀wọ̀ ni àwọn bù fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi kò pè é ní ọ̀wọ̀. Wọ́n fi àgbàlagbà sí ojú ọ̀nà ewu, wọn kò sì fún un ní ọ̀pá tí yóò fi ti ara rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe ẹgbẹ́ kékeré yìí ti ṣe báǹkì ńlá rí. Báǹkì Barings ti Lọ́ńdọ́nù ni a dá sílẹ̀ ní ọdún 1762. Ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Singapore, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nick Leeson ni olórí àwọn tí ń rà tí wọ́n sì ń tà. Òun náà tún ni olórí àwọn tí ń kọ ìwé ohun tí a rà àti ohun tí a tà. Nígbà tí àdánù dé, ó rí ibi kó o pamọ́ sí, nínú ìwé ìṣirò kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88888. Ní ọdún 1994, àwọn olùṣàyẹ̀wò báǹkì náà kọ̀wé pé ó yẹ kí a ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n gbọ́, wọn kò ṣe é. Ní oṣù kejì ọdún 1995 báǹkì náà wó. Àdánù rẹ̀ lé ní 800 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, ilé iṣẹ́ ING ti Holland sì rà á ní pọ́n-ùn 1 péré. Ẹ kíyè sí i pé olùṣàyẹ̀wò ríran, ó sì sọ̀rọ̀. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀ ju ti ẹni tí ń mú èrè wá lọ. Nítorí náà, kò tó kí a yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ewu. A ní láti jẹ́ kí ó lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá ọ̀gá tí ó ń ṣọ́, lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ tí ó ga ju ọ̀gá náà lọ.

Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, báǹkì àpapọ̀ yọ àwọn ọ̀gá báǹkì 5 kúrò nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní Gánà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, báǹkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ UT Bank àti Capital Bank. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2018, ó pa báǹkì 5 mìíràn pọ̀ di Consolidated Bank. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àyálówó kéékèèké 347. Lára ohun tí báǹkì àpapọ̀ kà sílẹ̀ bí ìdí rẹ̀ ni ojú owó tí a ní ó wà, tí kò sì sí. Owó tí a yá fún àwọn tí ó bá àwọn olówó báǹkì tan. Àti àwọn ìgbìmọ̀ tí wọ́n jókòó lórí àga láìṣe àbójútó. Lẹ́nu ìlẹ̀kùn irú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ni alátà àti aránṣọ dúró sí, tí wọ́n di káàdì mú, tí wọ́n ń béèrè owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní ọdún 2018 báǹkì àpapọ̀ gbé àṣẹ tuntun jáde lórí bí a ó ti máa ṣàkóso báǹkì, tí ó ya iṣẹ́ alága ìgbìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọ̀gá tí ń darí báǹkì lójoojúmọ́. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àgbo ti ya ni a ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Ẹni kìíní yóò wí pé, “Ìfọkàntán ni àwa fi ń ṣòwò. Ọmọ ìyá mi ni mo fi sí ìsọ̀. Báwo ni n ó ṣe ní kí ẹlòmíràn wá ka owó rẹ̀?” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wo alájọ tí ń rìn kiri ọjà Kejetia láràárọ̀, ẹni tí ń gba owó èsúsú tí àwọn ará Gánà ń pè ní súsú. A fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kó owó fún un lójoojúmọ́. Síbẹ̀, olówó a mú káàdì tirẹ̀ lọ́wọ́, alájọ a sì mú ìwé tirẹ̀, wọn a jọ sàmì sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ó ń bínú? Ìfọkàntán ni ó jẹ́ kí òwò bẹ̀rẹ̀. Àmì lórí káàdì méjì ni ó ń jẹ́ kí ó pẹ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí ògún ẹni bá dáni lójú, a a fi gbá orí ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní sá fún ìṣirò.

Ẹni kejì yóò wí pé, “Ìsọ̀ mi kò ju yàrá kan lọ. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan ni a wà níbẹ̀. Níbo ni n ó ti rí ènìyàn mẹ́rin?” Òótọ́ ni ó sọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ́ sí ìdáhùn. Kò nílò ènìyàn mẹ́rin. Ohun tí ó nílò ni kí iṣẹ́ kan má ṣe parí sí ọwọ́ kan. Kí ẹni tí ó tajà ní ọ̀sán má ṣe dá ka owó ní alẹ́. Kí àpótí owó àti ìwé owó má ṣe sùn sínú yàrá kan náà. Bí owó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí àgádágodo méjì wà lára àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wọn sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì tí kì í gbé ilé kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹnì kan tí kò ní ìpín nínú òwò náà wá ka ẹrù, kí ó sì fi wé ìwé. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹni tí ó wà nídìí owó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹlòmíràn sì dúró sí ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ni ó jẹ́ pé ọjọ́ tí oníṣẹ́ kò sí nílé ni ojú tó o.

Ó ku ojúṣe kan tí n kò tíì dárúkọ, òun sì ni a máa ń gbàgbé jù: iṣẹ́ ẹni tí ń wo ewu láti òkèèrè. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, iná jó nínú ọjà tuntun ti Kejetia. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025, iná run ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ní Kantamanto ní Accra. Ẹ bi oníṣòwò kan léèrè pé ta ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa iná mànàmáná kí ẹ tó ti ìsọ̀, tàbí ta ni ó ní ẹ̀dà ìwé gbèsè nílé bí ìsọ̀ bá jóná, ìdáhùn tí ẹ ó gbà ni pé, “Gbogbo wa ni.” Ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Ó yẹ kí a dárúkọ ẹnì kan, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ewu kì í sì í ṣe iná nìkan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Kumasi, Tamale àti Accra, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlọrin, ará Ọ̀ffà, ará Ṣakí, wà nínú àwọn tí ó di ẹrù. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ẹ̀wẹ̀, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ọmọ Gánà sì ni púpọ̀ nínú wọn. N kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin tí ẹ jọ ń jẹun nínú gbọ̀ngàn kan. Mo mú un wá nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba gbèsè. Ẹni tí ó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni àwìn tí ó tà wà, àwìn náà bá a wọ ọkọ̀ lọ. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí onígbèsè fọwọ́ sí i, tí ẹnì kejì sì mọ ibi tí ìwé wà, ṣì lè ní ìrètí láti gba díẹ̀ ní ọjọ́ iwájú. Ìwé kò lè dá àṣẹ ìjọba dúró, ṣùgbọ́n òwò tí ó wà lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ kì í kú nígbà tí ẹnì kan bá lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá di ọ̀gá. Ẹ ní ẹgbẹ́ eléré ìdárayá, ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí, gbogbo wọn ni ó sì ń gba owó. Láti sáà ẹ̀kọ́ yìí lọ, ẹ yan akápò, ẹ yan akọ̀wé owó tí kì í ṣe òun, kí ẹ sì mú ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ mìíràn wá yẹ ìwé yín wò kí sáà tó parí. Ẹ kà á sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ṣe é níhìn-ín, kò ní ṣòro fún yín níbi tí ẹ bá ń lọ. Ní ọjọ́ tí àwọn àgbà ìlú bá sì gbé àpótí owó àti ìwé owó wá fún yín pọ̀, ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ gba ọ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi èkejì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.